Ilé Ẹ̀kọ́ Tí Kò Ní Ilẹ̀kùn

Gbọ̀ngàn ìlú náà ń mí. Mo jókòó sí ìlà ẹ̀yìn pátápátá, ẹ̀yìn mi kan ògiri, mo sì ń mọ̀ ọ́n lára bí ògiri náà ṣe ń wú tó sì ń fà sẹ́yìn, bí ikùn ẹni tó jẹun yó tó sùn lọ. Kò sí ẹni tó kà á sí. Ọ̀gbẹ́ni Adégbìtẹ́, ayàwòrán ilé tó ya gbọ̀ngàn náà, dúró níwájú, ó ń ṣàlàyé fún wa pé atẹ́gùn ni. Ó wọ dúdú látòkè délẹ̀, nítorí pé dúdú ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń wọ̀, ó sì ń gbé orí rẹ̀ kiri bí ẹni tó ru ẹyin.

Mo mọ ohun tí mo wá ṣe níbẹ̀ bí èèyàn ṣe ń mọ orúkọ ara rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Adégbìtẹ́ ti kọ́ gbọ̀ngàn fún ìlú wa, ó ti kọ́ ilé ìkàwé, ó sì ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama tuntun. Ohun tó kù ni kí ẹnì kan láti inú ìlú sọ ọ́ síta pé iṣẹ́ náà dára. Ìgbìmọ̀ ìlú rán mi, nítorí pé èmi ni mo kọ́ àwọn ọmọ wọn ní jọ́gíráfì títí mo fi fẹ̀yìn tì. Tí mo bá ti lè sọ pé ó dára, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, bí àwọn ilé náà ṣe wà ni wọ́n máa wà títí.

Òrùlé gbọ̀ngàn náà ga débi pé ìkùukùu wà lábẹ́ rẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan dìde láàárín wa, ó fẹ́ béèrè ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀, ó ń gòkè lọ díẹ̀díẹ̀, ó sì lọ so rọ̀ mọ́ òrùlé bí àdán. Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí i pé òrùlé ti kún fún ọ̀rọ̀. Ìbéèrè ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn mìíràn ti pẹ́ níbẹ̀, wọ́n ti gbẹ. Bàbá náà dúró, ó ń retí èsì. Nígbà tó ṣe, ó jókòó, ó fún itan rẹ̀ méjèèjì pọ̀.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe dákẹ́ rọ́rọ́," Adégbìtẹ́ wí. "Àwọn adájọ́ ìdíje àwọn ayàwòrán ilé sunkún nígbà tí wọ́n wọ ibí."

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀, àmì-ẹ̀yẹ kan hù sí i lọ́rùn, bí olú ṣe ń hù lára igi tó ti jẹrà. Ó fọwọ́ pa á lára díẹ̀, ó sì wá sọ́dọ̀ mi.

"Mà, báwo lẹ ṣe rí i?"

"Àga yín le," ni mo wí.

Ọ̀rọ̀ mi gòkè lọ, ó lọ bá àwọn tó kù. Adégbìtẹ́ tẹrí ba. Ó ní òun dúpẹ́ gan-an, pé inú òun máa ń dùn tí àwọn àgbà bá yin iṣẹ́ òun.

Ọmọbìnrin kan ń tẹ̀ lé e kiri pẹ̀lú kámẹ́rà. Wẹ̀mímọ́ lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ya fọ́tò àwọn ilé náà, kó sì rí i pé kò sí èèyàn kankan nínú fọ́tò. "Ẹ jọ̀ọ́, mà," ó wí fún mi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "ẹ fa ẹsẹ̀ yín wọlé díẹ̀. Ó ń hàn." Mo fa ẹsẹ̀ mi wọlé.

A wà nínú ilé ìkàwé. Mi ò rántí pé a gba ọ̀nà kankan débẹ̀. Gíláàsì ni wọ́n fi ṣe gbogbo ara rẹ̀, oòrùn sì ti wọlé, ó jókòó sáàárín yàrá bí àna tó wá kí ọmọ rẹ̀, tó sì kọ̀ láti lọ mọ́. Àwọn ìwé ń làágùn. Tàdáwà ń yọ́ lára wọn, ó ń kán sílẹ̀. Ìwé máàpù ńlá kan tí mo fi kọ́ni nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ pè mí láti orí tábìlì.

"Tíṣà," ló wí, "Odò Ọya ń ṣàn jáde lára mi."

Mo wò ó. Òótọ́ ni. Odò Ọya ti sọ̀ kalẹ̀ látojú ìwé, ó ti gba ẹsẹ̀ tábìlì, ó sì ń wá ibi tó máa gbà jáde. Mo tú gèlè mi, mo fi bo ìwé náà nítorí oòrùn. Odò náà dúró. Ìwé náà ní òun dúpẹ́, pé òun ò mọ ohun tí òun fi ṣẹ àwọn èèyàn wọ̀nyí.

Mo sọ fún Adégbìtẹ́ pé ilé náà gbóná jù fún ìwé. Ó ní ìmọ́lẹ̀ ìmọ̀ nìyẹn. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn tí gbogbo wọn sì mi orí.

Pẹpẹ ìwé náà ga láti ilẹ̀ títí dé òkè réré. Kò sí àkàsọ̀ kankan.

"Báwo lọwọ́ ọmọ ṣe máa tó àwọn tòkè yẹn?"

"Wọn kì í ṣe fún ọwọ́, mà. Fún ojú ni."

Mo na ọwọ́ sí èyí tó sún mọ́ mi lára àwọn tó wà nísàlẹ̀. Kò ṣí. Pákó ni wọ́n gé, tí wọ́n kùn kó lè jọ ìwé. Orúkọ tí wọ́n kọ sí i lẹ́yìn kì í ṣe orúkọ ìwé kankan, orúkọ Adégbìtẹ́ ni.

Mo béèrè ibi tí èèyàn máa jókòó sí láti kàwé. Ó nawọ́ sí àtẹ̀gùn gbàràmù kan tó gòkè lọ láàárín ilé, tó sì parí sójú òfurufú láìdé ibì kankan. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ ayé òde òní fẹ́ràn àtẹ̀gùn. Mo ní orúnkún mi kì í tẹ̀ dáadáa mọ́, níbo ni irú orúnkún bẹ́ẹ̀ máa jókòó sí? Ó wo orúnkún mi bí wọ́n ṣe ń wo ewúrẹ́ tó ṣèèṣì wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní àtẹ̀gùn náà gba ẹ̀bùn nílùú òyìnbó, àmì-ẹ̀yẹ mìíràn sì hù lórí ti àkọ́kọ́. Wọ́n ti wúwo lọ́rùn rẹ̀ nígbà yẹn, débi pé ó ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ nìkan ló kù tó ń rí, ó sì ń bá àlàyé rẹ̀ lọ fún ilẹ̀.

Ìlú tí a ń gbà kọjá kò ga ju orúnkún lọ. Páálí ni wọ́n fi ṣe é. Ìlú wa ni, bí Adégbìtẹ́ ṣe fẹ́ kó rí. Fóòmù ni wọ́n fi ṣe àwọn igi rẹ̀. Kò sí ibi ìdáná kankan níbẹ̀, kò sí kànga, kò sí òkìtì iyanrìn ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́. Àwọn ọmọláńgidi dúró káàkiri ojú títì. Ọ̀kan jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fi okùn fa ajá rìn. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò rí ẹni tó mú ajá rìn kiri fún ìgbádùn ní ìlú wa. Ajá wa mọ ọ̀nà, ó ń dá lọ síbi tó bá wù ú.

"Ilé mi dà?" ni mo bi í.

"Ó dí ìríran lọ́wọ́, mà."

Mo rọra tẹ orí ọmọláńgidi tó ń fa ajá mọ́lẹ̀, mo sì kọjá.

Ilé ẹ̀kọ́ náà funfun bí ẹyin, kò sì ní ilẹ̀kùn. Mo yí i ká. Orúnkún mi ń ké ní gbogbo ìgbésẹ̀, mo sì yí i ká tán, mo padà débi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Fèrèsé rẹ̀ tóóró, òkè pátápátá ló wà, níbi tí ẹyẹ nìkan lè yọjú sí.

"Ilẹ̀kùn dà?"

"Ilẹ̀kùn máa ń da ojú ilé rú, mà."

"Báwo làwọn ọmọ ṣe máa wọlé?"

"Wọ́n ti wà nínú ẹ̀. A kọ́ ọ yí wọn ká."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òun ti gbé omi kaná. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn wọn, ohùn ọmọ tó pọ̀, wọ́n ń ka orúkọ àwọn odò ilẹ̀ wa ní àkàtúnkà. Mo fi etí lé ògiri. Ohùn ẹnì kan ń ṣáájú, wọ́n ń gbè é. Ẹ̀gbọ́n mi ni.

Ìbídùnní ẹ̀gbọ́n mi ni ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́, èyí tí wọ́n wó kí wọ́n tó kọ́ funfun yìí. Ọdún tí wọ́n wó o náà ló kú. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sin ín, èmi ni mo yan aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún un. Kò yà mí lẹ́nu pé ó wà nínú ilé náà. Ohun tó bí mi nínú díẹ̀ ni pé ó padà sẹ́nu iṣẹ́ kò sì sọ fún mi.

"Fẹ̀yín," ló wí láti inú ògiri. Fẹ̀hìntọlá ni mí, òun nìkan ló máa ń gé orúkọ mi bẹ́ẹ̀. "Ṣé ìwọ lò ń mí hẹlẹhẹlẹ síbẹ̀ yẹn?"

"Èmi ni, Àǹtí."

"Orúnkún ẹ ńkọ́?"

"Kò tíì sàn."

"Mo sọ fún ẹ pé kó o yé jókòó sórí àpótí kékeré yẹn. Àwọn ọmọ yìí ò tíì jẹun o. Ta ló kọ́ ilé yìí?"

"Ọ̀gbẹ́ni kan báyìí ni. Ó wà níbí."

"Ilé ìwé tí òun alára lọ, ṣé wọn kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ jáde níbẹ̀ ni?"

Adégbìtẹ́ gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ fún ilẹ̀, ó ní àwọn tó ń lo ilé kì í tètè mọ iyì rẹ̀.

Àwọn èèyàn pàtàkì ti dé, wọ́n jókòó sábẹ́ àtíbàbà, àwọn kúlà oúnjẹ sì tò sẹ́yìn wọn. Ọkùnrin kan tí ìjọba rán wá dìde, ó ní ògo ńlá ni ilé yìí jẹ́ fún ìran tó ń bọ̀. Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀, ògiri náà nípọn sí i. Mo fi ojú ara mi rí i. Ó wú jáde bí ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ìwúkàrà sí. Òmíràn dìde, ó ní àràmàǹdà ni, gbogbo wọn sì pàtẹ́wọ́. Ògiri náà tì mí sẹ́yìn. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi jìnnà, bí ohùn ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga.

"Fẹ̀yín, kí ni wọ́n ń ṣe níta yẹn? Afẹ́fẹ́ inú ibí ń dínkù."

Mo sọ fún àwọn èèyàn náà pé kí wọ́n dákẹ́ ìyìn, pé àwọn ọmọ wà nínú ilé. Wọ́n ní àwọn mọ̀, ìdí tí àwọn fi ń yìn ín gan-an nìyẹn. Adégbìtẹ́ gbé makirofóònù wá fún mi láìgbé orí sókè.

"Ọ̀rọ̀ yín ló kù, mà. Ẹ kàn sọ pé ó dáa, ká jẹun."

Gbogbo wọn kọjú sí mi. Wẹ̀mímọ́ gbé kámẹ́rà rẹ̀ sójú.

"Ilé yìí ò dáa," ni mo wí.

Èèpo ògiri kan bó sílẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bẹ iṣu. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ṣiṣẹ́, mo bá tẹ̀ síwájú.

"Ẹni tí kò bá mọ̀ pé èèyàn máa ń jáde nínú ilé, kò yẹ kó kọ́ ilé adìyẹ."

Èèpo mìíràn bó.

"Fèrèsé yín ga ju ọmọ lọ, ó ga ju olùkọ́ lọ. Ilẹ̀ wa pupa, ẹ wá kun ilé ní funfun. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, bí aṣọ ìnulẹ̀ ló máa rí. Àwòrán lẹ kọ́, ẹ̀yin ò kọ́lé. Ẹ dúró lókèèrè, ẹ wò ó, ó dùn mọ́ yín, ẹ sì wọ mọ́tò yín lọ."

"Ó gba àmì-ẹ̀yẹ," Adégbìtẹ́ wí.

"Lọ́wọ́ àwọn tí ò ní wọ inú ẹ̀ láéláé."

Ọkùnrin ìjọba náà ní kí n rọra, pé wọn kì í kọ́lé fún èèyàn kó tún máa bú u. Mo ní wọn ò kọ́ ọ fún mi, fọ́tò ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ìgbà náà ni Wẹ̀mímọ́ sọ kámẹ́rà rẹ̀ kalẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ròkè.

"Gbogbo ilé wọn ni mo ti yà," ló wí. "Mi ò rí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kankan nínú wọn rí. Inú igbó ni mo máa ń lọ."

Bíríkì ńlá kan ṣubú. Ihò kan yọ, ojú ọmọ kan sì wò mí láti inú rẹ̀.

Ẹ̀gàn náà wá dùn lẹ́nu mi bí iyọ̀ lẹ́nu ewúrẹ́. Mi ò tíì mẹ́nu ba àga gbọ̀ngàn, mi ò tíì mẹ́nu ba ìwé pákó. Mo ń sọ̀rọ̀, ògiri ń bó, àwọn èèyàn pàtàkì ń wo bàtà ara wọn. Mo sọ nípa aṣọ dúdú rẹ̀. Mo sọ nípa bó ṣe ń pe ooru ní ìmọ̀. Òrùlé ilé ẹ̀kọ́ náà ti ń dún, ó ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo rí i, mi ò sì dákẹ́.

"Fẹ̀yín, ó tó."

"Mi ò tíì parí, Àǹtí."

"Mo mọ̀. Òrùlé ló wà lórí wa yìí. Tó o bá fi ọ̀kan kún un, orí àwọn ọmọ yìí ló máa wó lé."

Èyí tó dùn jù ló kù lẹ́nu mi. Orí ahọ́n mi ló wà, ó gbóná bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú epo. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ó bá Adégbìtẹ́ mu láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, bí mo bá sọ ọ́ kò sí ẹni tó máa tún gbé iṣẹ́ fún un láyé. Mo wò ó níbi tó ti dorí kodò. Mo wo ihò náà. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó ń jó mi lọ́nà ọ̀fun títí, mo sì gbọ́ bó ṣe balẹ̀ nínú ikùn mi. Òrùlé náà dúró bó ṣe wà.

Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Wẹ̀mímọ́ dúró sẹ́nu ihò, ó ń fà wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n ti pẹ́ níbẹ̀. Aṣọ ilé ìwé ti kéré sí wọn lára, àwọn mìíràn ti hu ewú. Ọmọbìnrin kan tó hu ewú bi mí bóyá ọjọ́ Ìṣẹ́gun ṣì ni. Mo ní òun ni. Wọn ò kí ẹnikẹ́ni lábẹ́ àtíbàbà, wọ́n kọjá síbi àwọn kúlà, wọ́n ṣí wọn, wọ́n sì jẹun. Ọkùnrin ìjọba náà ní wọn ò tíì gbàdúrà sí oúnjẹ yẹn. Wọ́n ń jẹ lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi kò jáde. Mo ki orí bọ inú ihò. Ó ń nu ojú pátákó, ó ń nù ún láti òkè wá sísàlẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe.

"Àǹtí, ẹ jáde."

"Mi ò kì í fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lójú pátákó fún ẹni tó ń bọ̀."

Nígbà tó yíjú sí mi, ó wò mí pẹ́. Kò tíì hu ewú tó tèmi. Mi ò tíì ronú ẹ̀ rí pé òkú kì í dàgbà.

"O ti dàgbà jù mí lọ," ló wí. "Ṣé kí n máa kúnlẹ̀ kí ẹ ni?"

"Ẹ jáde ná. Tẹ́ ẹ bá jáde, ẹ lè kúnlẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti sin ín, mo sì di ẹnu ihò náà mú. Ó fún mi lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ funfun fún ẹfun ìkọ̀wé, ó tutù díẹ̀. Mo fà á jáde.

Bí òun ṣe jáde ni Adégbìtẹ́ wọlé. Ó rá kòrò gba inú ihò náà kọjá, àwọn àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀ ń ha ilẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ wo ohun tó bàjẹ́. Ó dìde láàárín yàrá náà, ó sì nà ró fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí a ti kúrò ní gbọ̀ngàn. Ó wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò sí ọmọ kankan níbẹ̀, kò sí olùkọ́, kò sí ọ̀rọ̀ lójú pátákó.

"Báyìí gan-an ni mo ṣe yà á," ló wí.

Ihò náà pa dé lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ètè. Wẹ̀mímọ́ bi mí bóyá ká pè é. Mo ní kó fi í sílẹ̀. A gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, ó ń ṣàlàyé ilé náà fún ilé náà, inú rẹ̀ sì dùn.

Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ sórí ilẹ̀ gbalasa tí ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ wà tẹ́lẹ̀. Koríko ti hù bò ó. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀, àwọn ọmọ sì jókòó yí i ká. Ó bi wọ́n ní ìbéèrè kan tí mi ò gbọ́ dáadáa láti ibi tí mo dúró sí. Kò sí èyí tó nawọ́ sókè nínú wọn. Àgbò kan jókòó láàárín wọn, ńlá, ó mọ́ tónítóní. Ó gbé ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kan sókè bí ọmọ tó mọ ìdáhùn, ó sì gbé e bẹ́ẹ̀ láìmì. Ẹ̀gbọ́n mi wo gbogbo wọn, ó sì nawọ́ sí i.

"Ó dáa, ìwọ, sọ ọ́," ló wí.

Àgbò náà la ẹnu. Mo jí.